Katakata Kì Í Fo Oko

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó wá jókòó. Ẹni tó bá jẹ́ alága ẹgbẹ́, kó rọra jókòó, nítorí orí ìjókòó ni ohun tó ṣe ọ̀gbẹ́ni inú ọ̀rọ̀ yìí ti bá a. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín díẹ̀, Ọlọ́run á fojú fò ó.

Lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀fà lọ sí Ojoku, àwọn àgbẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n kan jọ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Oko wọn tò tẹ̀ léra bí eyín àgbàdo, láti ẹ̀bá títì títí dé etí odò. Alága wọn ni Alhaji Tàjùdéèn Oyètúndé, ọkùnrin kúkúrú, onírùngbọ̀n funfun, tó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ní kó wá wo ilé ayé bóyá yóò rà á.

Ó ní àga kan. Àga pupa onítìmùtìmù ni, orí kìnnìún sì wà lápá rẹ̀ méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kìnnìún apá òsì ti sọ etí kan nù. Ibi tí Alága bá ń lọ ni àga ń lọ. Bí ìpàdé bá wà, àga á gun ọ̀kadà ṣáájú rẹ̀. Bó bá ń lọ oko, àga ló ń kọ́kọ́ dé oko. Wọ́n ní ó lọ kí obìnrin kan tó bímọ nígbà kan, àga sì wọ yàrá kí òun tó wọlé. Ìyá ọmọ rò pé ẹ̀bùn ni. Ó dúpẹ́, ó gbàdúrà, ó tilẹ̀ ti gbé ọmọ lé e, kí wọ́n tó gbé ọmọ kúrò tí wọ́n sì gbé àga tẹ̀ lé olówó rẹ̀.

Bí Alága bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́. Bó bá ti wúkọ́, Olúṣẹ̀yẹ, akọ̀wé ẹgbẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, á fò dìde: "Ìmọ̀ ń bọ̀!" Gbogbo ẹgbẹ́ á sì dáhùn pé, "Kó máa bọ̀!" Wọn á wá dákẹ́, wọn á máa retí ìmọ̀. Nígbà mìíràn ikọ́ lásán ni.

Nínú ẹgbẹ́ yìí ni Ràfátù wà, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Bàrákàt. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni, opó ni, éékà méjì loko rẹ̀. Oko Alága ló wà ní ìkángun pátápátá, létí odò. Oko Ràfátù ló fara tì í. Ìjì èṣí ti gbé ìdajì páánù ilé rẹ̀ lọ. Tapólì ló fi bo ibẹ̀, ó sì fi táyà mẹ́rin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àgbàdo ọdún yìí ló fẹ́ fi kan òrùlé náà. Bí wọ́n bá tú ilẹ̀ rẹ̀ kí oṣù karùn-ún tó parí, á gbin àgbàdo, á tà á ní tútù lẹ́bàá títì, páánù á dé. Bí wọn ò bá tú u, abẹ́ táyà ni yóò tún sùn títí di ẹ̀ẹ̀mìíràn. Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Tẹ́lẹ̀, kọngílá kan ló ń bá wọn túlẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣẹ́gunfúnmi lorúkọ rẹ̀, ará Ilemọna. Katakata rẹ̀ ti gbó débi pé kò sẹ́ni tó rántí àwọ̀ tó ní nígbà tó wà lọ́mọge, ó sì ń wúkọ́ ju Alága lọ. Ṣùgbọ́n ó ń túlẹ̀. Kí irin ìtúlẹ̀ tó kan ilẹ̀, Ṣẹ́gunfúnmi àti olóko á kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rin oko náà já. Ibi tí kùkùté tàbí òkúta bá sápamọ́ sí, wọn á ki ọ̀pá bọlẹ̀, wọn á so àkísà pupa mọ́ ọn, kí awakọ̀ lè yà fún un. Lẹ́yìn náà, oko ẹ̀bá títì ni yóò kọ́kọ́ tú, á wá máa bá a bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, oko dé oko, títí yóò fi kan odò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó parí. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í ṣe tiwọn nìkan. Ó lè ní ọjọ́ Ajé lòun ń bọ̀, kó jẹ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ ó gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lókèèrè, torí àwọn oníbàárà rẹ̀ níhà Ẹ̀rìn-Ilé kò tíì jẹ́ kó lọ. Àwọn àgbẹ̀ á bú u, á bẹ̀ wọ́n, á túlẹ̀, ó tán.

Èṣí ni Alága dúró sí ẹ̀bá títì, ó na ọ̀pá ìtìlẹ̀ sí i.

"Ṣẹ́gunfúnmi, oko mi ni kó o kọ́kọ́ tú."

"Alága, ìkángun loko yín wà, sà. Bí mo bá kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, mo tún máa padà wá sí títì. Ojú ọ̀nà ni dísù máa tán sí."

"Ṣé o mọ ẹni tó ń bá ẹ sọ̀rọ̀ ṣá?"

"Mo mọ̀ yín, sà. Katakata ni ò mọ̀ yín. Katakata kì í fo oko."

Ẹ̀rín tí àwọn ará oko rín lọ́jọ́ náà kò kúrò létí Alága. Ó ń bá a jẹun, ó ń bá a wẹ̀, ó ń bá a wọ mọ́ṣáláṣí. Ṣé ẹ mọ bí ìyà ẹ̀rín ṣe ń jẹ ẹni tí kò rín rí? Nígbà tí ọdún yí po, Alága pe ìpàdé.

Ó wúkọ́. Ìmọ̀ ń bọ̀. Kó máa bọ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni Alága wí, "ẹ̀yin tí Ọlọ́run fi mí ta lọ́rẹ! Ṣé ọmọ Ọ̀fà kọ́ ni yín ni? Ìjàkadì lorò yín! Baba ta ni nínú yín ló háyà apá ẹlòmíràn lọ sójú ìjàkadì? Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀ a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ó tó gẹ́ẹ́! A ò háyà mọ́! A ó ra katakata tiwa, katakata tuntun, katakata tí ọ̀tá yóò rí tí yóò gbàgbé orúkọ ìyá rẹ̀!"

Ilé mì tìtì. Olúṣẹ̀yẹ ń nu ojú bí ẹni tó ń sunkún. Ràfátù na ọwọ́.

"Alága, ẹ kú ọ̀rọ̀. Òwe yẹn dáa. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò ni wọ́n pa á fún. Ṣòkòtò kì í mu dísù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré la fi ń lo katakata lọ́dún. Ọjọ́ tó kù nínú ọdún, kí ni yóò máa ṣe?"

Alága bojú wò ó láti orí àga. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá Bàrákàt, ọjọ́ tó kù, yóò máa jẹ́ tiwa."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ padà sẹ́yìn kí ẹ tún un kà. Yóò máa jẹ́ tiwa! Ǹjẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ tó tún rọrùn tó báyìí?

"Bó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Ohun tuntun kì í bàjẹ́."

"Ta ni yóò wà á?"

"Habeeb, àbúrò ìyàwó mi. Ó ti wa bọ́ọ̀sì dé Kánò, dé Kánò padà!"

"Kùkùté ò sí lójú títì Kánò, Alága."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ẹ̀rín náà di ikọ́, ni Olúṣẹ̀yẹ bá fò dìde: "Ìmọ̀ ń bọ̀!" Báyìí ni owó àjẹṣẹ́kù ọdún mẹ́jọ ṣe wọ inú katakata. Akọ̀wé sì kọ lẹ́tà sí Ṣẹ́gunfúnmi ní Ilemọna, Alága sì fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta kó lè dáni lójú, pé ẹgbẹ́ kò ní háyà katakata rẹ̀ mọ́ títí ayé.

Tírélà ló gbé katakata tuntun dé. Aláwọ̀ ewé ni, ó ń dán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga ju Alága lọ, tòun ti fìlà. Oko kọ́ ló gbà lọ. Iwájú ilé Alága ló gbà lọ, ó sì gbàlejò níbẹ̀ fún ọjọ́ méje gbáko. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń tò wá kí i. Olúṣẹ̀yẹ lẹ ìkéde mọ́ ògiri, ó sì tún un kà sókè fún àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa.

"Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé katakata ẹgbẹ́ 'ti dé' bí ìgbà tí à ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́. 'Wọ́n ti dé' ni kí ẹ máa wí. Wọ́n ń sinmi. Wọ́n fẹ́ mu dísù. Ọ̀wọ̀ ló yẹ wọ́n."

Mojísọ́lá, ọ̀rẹ́ Ràfátù, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé ilé, gbé ọwọ́ sókè.

"Tíṣà, bí wọ́n bá tú èéfín ńkọ́? Ṣé ká ní wọ́n só ni?"

"Ẹ ní wọ́n mí kanlẹ̀," ni Olúṣẹ̀yẹ dáhùn, kò sì rẹ́rìn-ín.

Òjò gidi àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́jọ́ kẹfà. Ilẹ̀ rọ̀, ó ń pe irin. Alága pariwo pé kí wọ́n tètè bo katakata kó má baà tutù, wọ́n sì ta tapólì tuntun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ràfátù dúró lábẹ́ agboòrùn, ó wo tapólì náà títí. Ó dára ju èyí tó wà lórí ilé rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ ni wọ́n ka ètò ìtúlẹ̀. Alága ní katakata ẹgbẹ́ kò ní máa túlẹ̀ bí oko ṣe tò, bíi ti kọngílá aláìlẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́sí. Bí ipò èèyàn bá ṣe tò ni yóò máa túlẹ̀. Ti Alága lákọ̀ọ́kọ́, ti igbákejì rẹ̀, ti akọ̀wé, ti akápò, lẹ́yìn náà àwọn olóyè, lẹ́yìn náà àwọn èèyàn lásán. Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n etí odò loko Alága wà, ẹ̀bá títì ni ti igbákejì. Ti akọ̀wé tún wà lọ́hùn-ún, nísàlẹ̀. Bí katakata bá tú oko kan, á gbé irin sókè, á rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ kọjá oko mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn, àwọn olóko á dúró láàárín koríko, wọ́n á máa juwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì á tún padà kọjá níwájú wọn, wọ́n á tún juwọ́. Habeeb ò sì gbọdọ̀ sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀ títí àga Alága yóò fi dé, tí Alága yóò fi wá bá àga, tí wọ́n á fi ṣàdúrà fún àga, fún Alága, fún katakata. Aago mọ́kànlá ti lù nígbà náà.

Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ rí i pé oyè ló ń túlẹ̀, oyè ni wọ́n ń wá kiri. Alága kò sì háwọ́. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n yìn, á joyè. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Balógun Ajílẹ̀ ti wà, Jagùnnà Pákí ti wà, ọkùnrin kan tí kò gbin ju ata ilẹ̀kùlé lọ ti di Aṣíwájú Ata. Mojísọ́lá pàápàá di Ìyálóde Poro. Ó ní bí òjìji Alága bá kọjá lórí pákí òun, pákí náà á tóbi láìjẹ́ pé òun ro ó. Ràfátù fajú ro sí i.

"Ìyá Bàrákàt, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ni Mojísọ́lá wí. "Ẹnu lásán ni mo ná. Kò dín ní ẹnu mi."

Oyè pọ̀ lọ bí èèsún, títí ó fi ku ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní oyè. Ẹ mọ ẹni náà. Orúkọ rẹ̀ ló ṣe ìkọkànlélọ́gbọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, oko márùn-ún péré ni wọ́n fọwọ́ kàn. Ràfátù wọ aṣọ rẹ̀ tó mọ́, ó lọ bá Alága nílé.

"Alhaji, ẹ kú ilé o. Ilẹ̀ ti rọ̀, oṣù ń lọ. Ìgbà wo ló máa kàn mí?"

"Ìyá Bàrákàt, oyè wo lẹ ní?"

"Oko ni mo ní."

"Oko kì í ṣe oyè."

"Ó yẹ kó jẹ́, nínú ẹgbẹ́ àgbẹ̀."

Alága mi orí bí ẹni tó ń káàánú aláìsàn. "Ẹ gbọ́. Ẹ wá sípàdé lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ dìde, ẹ yìn mí ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹ ó di Ìyá Àgbàdo lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì bọ́ sípò kẹwàá."

Nítorí páánù, Ràfátù gbà. Ẹni tí òjò ń kán sí lágbárí kò gbọdọ̀ ṣe agídí jù. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wá ọ̀rọ̀ ìyìn náà. Ó ń yan gààrí, ó ń wá a. Ó ń fọ aṣọ, ó ń wá a. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó dìde láàárín ìpàdé, ó tún gèlè ṣe.

"Alága wa," ló wí. Gbogbo èèyàn na etí. "Alága wa... ẹ ga."

Olúṣẹ̀yẹ ti gbé bíírò sókè.

"Lórí àga," ló fi kún un, torí kò fẹ́ purọ́ mọ́ Ọlọ́run.

Mojísọ́lá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dá ẹ̀rín náà dúró mọ́, ó ń lọ láti bẹ́ńṣì dé bẹ́ńṣì bí iná ọyẹ́. Alága dìde dúró láti bínú, ẹ̀rín sì tún pọ̀ sí i, torí nígbà tó wà níjòókòó ló ga jù. Ó gba ìwé lọ́wọ́ Olúṣẹ̀yẹ, ó fagi lé orúkọ Ràfátù, ó sì kọ ọ́ sí ojú ewé mìíràn, òun nìkan, láìsí nọ́ńbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ràfátù wọkọ̀ lọ sí Ilemọna.

Ó bá Ṣẹ́gunfúnmi lábẹ́ katakata rẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló yọ síta.

"Ẹ káàbọ̀, Mummy," ni ẹsẹ̀ náà wí. "Ṣé wọ́n ti tú tiyín?"

"Wọn ò tú u. Ìwọ ni mo wá pè."

Ṣẹ́gunfúnmi fà jáde, ó nu ọwọ́, ó yọ lẹ́tà ẹgbẹ́ nínú fìlà rẹ̀. "Wọ́n kọ̀wé sí mi, Mummy. Títí ayé ni wọ́n wí. Mo tọ́jú ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí mi látìgbà tí mo ti kúrò níléèwé."

"Ẹgbẹ́ ló ní òun ò háyà mọ́. Èmi kì í ṣe ẹgbẹ́. Ràfátù ni mí."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín: éékà méjì ò lè gbé katakata kúrò ní Ilemọna. Dísù àlọ àti àbọ̀ á gbé èrè mì. Ẹ wá bí ogún éékà jọ, kí wọ́n fara kan ara wọn. Mo máa wá. Torí pé ẹ̀yin lẹ wá, mo lè ti ọ̀dọ̀ tiyín bẹ̀rẹ̀."

Ràfátù ronú kan páánù. Ó ronú kan táyà mẹ́rin. Ó mi orí.

"Rárá, ọmọ mi. Ti títì bọ̀. Ohun tí mo bá Alága jà lé lórí, mi ò gbọdọ̀ wá ṣe é lẹ́yìn rẹ̀."

Nígbà tó padà, ọ̀dọ̀ Mojísọ́lá ló kọ́kọ́ yà sí.

"Ìyálóde Poro, poro yín dà?"

"Ìyá Bàrákàt, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Oyè wà, poro ò sí. Ìgbà wo ni Ṣẹ́gunfúnmi ń bọ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni Balógun Ajílẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ ni Aṣíwájú Ata wá. Lọ́jọ́ tí Ṣẹ́gunfúnmi dé, olóyè mẹ́tàdínlógún ló ń ki ọ̀pá alákìísà pupa bọlẹ̀ nínú oko wọn, tí wọ́n ń kí ara wọn láìgbójú sókè. Olúṣẹ̀yẹ náà wá, ó fa fìlà bo ojú. Ìdajì oko rẹ̀ ni Habeeb tú kí wọ́n tó pe katakata lọ sílé fún ìwẹ̀, torí àlejò ń bọ̀ wá wò ó.

"Ẹ má dárúkọ mi o," ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìdajì tó kù yìí, ìyàwó mi ló ni ín."

Katakata arúgbó wúkọ́, ó tútọ́ epo, ó wọlẹ̀. Oko dé oko, ó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ku oko méjì kó kan Ràfátù.

Alága gbọ́. Kì í ṣàìsí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tó ń gbé irú òfófó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun yóò dójú ti ọ̀dàlẹ̀. Ó kéde pé lọ́jọ́ kejì, ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, òun fúnra òun ni yóò wa katakata ẹgbẹ́, ní apá ìsàlẹ̀ oko òun létí odò, níbi tí Habeeb kò tíì lè tú, kí gbogbo ayé wá wo ìyàtọ̀ láàárín ohun ẹni àti ohun àyálò.

Habeeb bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀.

"Alhaji, ibẹ̀ yẹn ti mu omi yó. Kùkùté ìrókò kan sì wà nínú koríko yẹn. Mo gbọ́ pé ọdọọdún ni Ṣẹ́gunfúnmi ń ki ọ̀pá síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn ín."

"Kí n fẹsẹ̀ rìn níwájú katakata mi? Ṣé aṣáájú ẹṣin ni mí ni? Ẹ gbé àga wá!"

Wọ́n gbé àga wá. Alága ní ìjókòó katakata kò bá ipò òun mu. Wọ́n fi okùn di àga pupa mọ́ orí ìjókòó náà, wọ́n sì gbé Alága lé orí àga tó wà lórí àga. Ó ga nígbà yìí. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ṣónṣó bàtà rẹ̀ nìkan ló ń kan búrẹ́kì. Ó da agbádá sí èjìká, ó wúkọ́.

"Ìmọ̀ ń bọ̀!" ni Olúṣẹ̀yẹ kígbe.

Èèyàn méjì ló dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn ń ta omi inú ọ̀rá.

Katakata fò síwájú. Alága ń fi ọwọ́ kan wà á, ó ń fi ọ̀kan juwọ́ sí àwọn èèyàn. Ó kọjá níwájú Ràfátù àti Ṣẹ́gunfúnmi tí wọ́n dúró sí ààlà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ki ọ̀pá tó kẹ́yìn sínú oko Ràfátù. Ó mi fìlà sí wọn tẹ̀gàntẹ̀gàn. Ẹni tó ń wo ọ̀tá kì í rí kùkùté. Gbì! Irin ìtúlẹ̀ tuntun ṣẹ́ sí méjì, imú katakata yà wọ ẹrẹ̀, okùn já, àga pupa sì yọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó wà lórí rẹ̀, wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n fi ṣíbí bu ẹ̀kọ. Pọ̀ọ́! Ó balẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Kò fara pa o, ara rẹ̀ le koko. Níjòókòó ló balẹ̀, agbádá tẹ́ yí i ká, kìnnìún méjèèjì mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń rì díẹ̀díẹ̀.

Habeeb sáré débẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó na ọwọ́ sí i. "Alhaji, ẹ dìde, ẹ di ọwọ́ mi mú."

"N ò ní dìde!" ni Alága bú. Ojú tì í ju kó mọ ohun tó ń wí lọ. "Alága kì í dìde lójú ìpàdé láìjẹ́ pé wọ́n dá àbá! Òfin ni!"

"Ìpàdé wo?" ni Mojísọ́lá béèrè. "Ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó."

Ẹrẹ̀ ti kan ìbàdí rẹ̀. Ràfátù ká ìró sókè, ó wọ inú ẹrẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti le díẹ̀, ọ̀pá alákìísà pupa kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé àbá lẹ fẹ́, Alhaji? Ó dáa. Mo dábàá kí Alhaji Oyètúndé dìde kúrò lórí àga yẹn báyìí, kó má sì jókòó sí ipò alága ẹgbẹ́ yìí mọ́ láéláé."

"Mo kín in lẹ́yìn!"

Gbogbo orí yí padà. Olúṣẹ̀yẹ ni. Ó ti ṣí fìlà kúrò lójú.

"Àwọn tó fara mọ́ ọn dà?" ni Ràfátù wí.

Ọwọ́ lọ sókè bí oko ìrèké. Habeeb wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì gbé ọwọ́ tó yẹ kó fi fa Alhaji yọ sókè.

Nígbà náà ni Oyètúndé dìde. Ẹrẹ̀ náà kò fẹ́ kó lọ, ó ń fà á ní agbádá, ó ń pariwo fọ̀, fọ̀, ṣùgbọ́n ó dìde. Àga dúró síbẹ̀. Ó dé etí ilẹ̀ gbígbẹ, ó rí katakata tó ti rì dé ikùn, ó rí Ṣẹ́gunfúnmi.

"Ṣẹ́gunfúnmi! Gbé tìrẹ wá, kó o fi fà á jáde."

Ṣẹ́gunfúnmi ṣí fìlà, ó yọ lẹ́tà. "Alhaji, ẹ kọ̀wé sí mi pé títí ayé lẹ ò ní háyà katakata mi mọ́. Ayé ò tíì parí, sà."

"Ẹ kọ òmíràn fún un," ni Balógun Ajílẹ̀ kígbe láti ẹ̀yìn. "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́!"

Olúṣẹ̀yẹ gba lẹ́tà, ó kọ gbólóhùn kan sẹ́yìn rẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ háyà katakata. Oyètúndé fi àtàǹpàkò ẹlẹ́rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni ìwé tó fọwọ́ sí kẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ náà. Ṣẹ́gunfúnmi kà á, ó fẹ́ ẹ kó gbẹ, ó tún un ká sínú fìlà.

"Ó dáa, sà. Ó ku oko kan níwájú ti Ìyá Bàrákàt, lẹ́yìn náà ti Ìyá Bàrákàt. Bí mo bá ṣe méjèèjì tán, ó kàn yín."

"Kí n máa dúró de oko éékà méjì? Èmi Oyètúndé! Ṣé o mọ ẹni tó ń—"

"Mo mọ̀ yín, sà."

Gbogbo ẹgbẹ́ ló sì jọ parí rẹ̀ fún un, ọkùnrin, obìnrin, olóyè, aláìlóyè, títí kan ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá: "Katakata ni ò mọ̀ yín!"

Ó dúró. Kò sí ohun tí yóò jókòó lé. Láti òwúrọ̀ títí òòrùn fi yẹ̀ lórí, ó dúró pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó ń gbẹ mọ́ ọn lára, ó ń wo katakata arúgbó bó ṣe ń lọ, tó ń bọ̀, tó ń wúkọ́, tó ń yà fún ọ̀pá pupa, tó ń dojú ilẹ̀ Ràfátù dé poro lẹ́yìn poro. Ràfátù ń tẹ̀ lé e, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àgbàdo ti wọlẹ̀.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bí katakata aláwọ̀ ewé ti ṣe? Wọ́n fà á yọ, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n jó irin rẹ̀ pọ̀. Ràfátù ló dá àbá pé kí wọ́n fi í sábẹ́ ọwọ́ Ṣẹ́gunfúnmi, kí Habeeb máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí katakata méjèèjì máa bá àwọn àgbẹ̀ tó nílò wọn túlẹ̀ láti Ilemọna dé Ojoku. Ọjọ́ mẹ́sàn-án fún ẹgbẹ́. Ọjọ́ tó kù, kò jẹ́ tiwọn lásán mọ́, ó ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí oṣù kẹjọ wọlé, tí wọ́n fẹ́ kọ poro ànàmọ́, Oyètúndé gba ojúlé Ràfátù kọjá. Páánù tuntun ń dán lókè. Ràfátù jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo sísun, lórí àga pupa kan tó ti fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Kìnnìún méjèèjì kò ní etí mọ́.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá Bàrákàt," ni Oyètúndé wí. Ó wo àga, ó yára gbé ojú kúrò. "Mo ní kí n béèrè ni. Oko mi létí odò. Ìgbà wo ni katakata máa dé ọ̀dọ̀ mi?"

Ràfátù jẹ eyín àgbàdo kan tó kù lára ṣùkù. Ó rọra jẹ ẹ́. Ó fún un ní àgbàdo sísun kan, torí kò yẹ kí ebi pa ẹni tó ń dúró.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Alhaji," ló wí. "Wọ́n ń bọ̀."